Ẹyẹ Oko Wa: Èrè Tí A Kò Kọ Sínú Ìwé

Ọ̀rọ̀ tí Aláyẹ̀wò Ẹgbẹ́ Aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ní Apẹ̀tẹ̀, Ìbàdàn

  

Ẹ mọ iṣẹ́ wa. Bí ẹ bá rí wa tí a sọ̀ kalẹ̀ lórí ọkadà níwájú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ yín, ẹ mọ̀ pé ìwé ni a wá yẹ̀ wò: ìwé owó tí ó wọlé, ìwé owó tí ó jáde, ìwé awin, àti pásíbúùkù ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni a gbé wá lónìí. Ẹ má rò pé a ti ṣìnà. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ tí a fẹ́ sọ yìí, inú ìwé awin yín ni a ti kọ́kọ́ rí i.

OHUN TÍ ÌWÉ AWIN SỌ FÚN WA

Ó ti lé ní 20 ọdún tí a ti ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò ní agbègbè yìí. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, bí a bá ṣí ìwé awin, ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń torí rẹ̀ yá owó ni èbù iṣu, owó alágbàṣe tí yóò ro oko, owó àtiká kòkó, àti owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, owó alágbàṣe bẹ̀rẹ̀ sí dínkù nínú ìwé. Oògùn apakoríko gba ipò rẹ̀, oògùn apakòkòrò sì tẹ̀ lé e. Lónìí, bí a bá ṣí ìwé awin Apẹ̀tẹ̀ àti Awótán, búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ǹtì, páànù àti owó ilẹ̀ ni ó pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá mọ ìwé kà yóò rí i pé ìtàn ilẹ̀ ni a kọ síbẹ̀: láti oko kòkó sí oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, láti oko ẹ̀gẹ́ sí ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì ń gbé.

A kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ilé dára, owó ilé sì ti fi ọmọ púpọ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ti ń yí padà, àwọn tí kò ní pásíbúùkù lọ́dọ̀ wa ń san gbèsè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí. Ẹgbẹ́ kan wà, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ náà ra oògùn apakòkòrò lọ́pọ̀, wọ́n sì pín in fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí awin. Ìwé rẹ̀ péye, rìsíìtì rẹ̀ pé, àwa náà sì fi bíírò pupa sàmì sí i pé ó dára. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ àgbàdo sínú oògùn náà, ó fọ́n ọn sí etí oko nítorí àparò tí ń hú irúgbìn rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì àparò kú, àdàbà kú, ẹ̀gà kú. Ọmọdé méjì tí ń ti odò bọ̀ ṣa àparò mẹ́ta, wọ́n sun ún jẹ. Ọlọ́run yọ wọ́n, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò ní ilé ìwòsàn. Awin tí bàbá wọn gbà láti fi san owó ìwòsàn náà wà nínú ìwé kan náà, ojú ewé mẹ́ta péré sí ibi tí a kọ ti oògùn sí. Àwa kan náà ni a yẹ ojú ewé méjèèjì wò. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ìwé lè péye kí ọ̀ràn má péye.

ÀWỌN ẸYẸ TÍ Ó Ń LỌ

Ẹ bi àwọn àgbà tí ó wà láàrin yín léèrè nípa igún. Ní ayé ọdún 1970, kò sí ibi tí a ti ń pa ẹran ní Ìbàdàn tí igún kì í wà, lórí òrùlé, lórí igi àràbà, lẹ́bàá àkìtàn. Àwọn baba wa ní gúnnugún kì í kú léwe. Wọ́n kà á sí èèwọ̀ láti pa á, nítorí pé òun ni ó ń jẹ òkú ẹran kí ó tó rà, òun náà ni ẹlẹ́bọ sì ń retí. Ọmọ ọdún 15 mélòó ni ó wà níbí tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí igún rí? Ní ọdún 2015, àwọn tí ń ṣètò ìwé ẹ̀dá tí ó fẹ́ run ní gbogbo ayé kọ igún tiwa yìí sí ipele tí ó kẹ́yìn kí ẹ̀dá tó pòórá kúrò nínú igbó. Májèlé pa á, wọ́n ń pa á tà fún oògùn àti ààbò, wọ́n sì gé àwọn igi gíga tí ó ń yé sí. Ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau, láàrin ọdún 2019 sí 2020, ó lé ní 2,000 igún tí májèlé pa.

Ẹ tún wo odídẹrẹ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ pé Ìwó ni ilé odídẹrẹ́. Ìwó kò jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n inú àgò ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti rí odídẹrẹ́, kì í ṣe lórí igi. Àwọn tí ń mú un tà sí òkè òkun kó o lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn agégẹdú sì gé igi tí ó ní ihò, èyí tí ó ń yé sí. Ní ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé kí òwò odídẹrẹ́ inú igbó dópin láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Nǹkan kan náà ni ó ṣe àgbìgbò àti àtíòro. Igi ńlá ni ilé wọn. Ẹni tí ó gé igi ti lé onílé jáde.

Ẹyẹ kan tún wà tí ó jẹ́ orúkọ ìlú wa, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì mọ̀ ọ́n. Ìbátan ẹ̀gà ni, ó dúdú, orí àti àyà akọ rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni J. H. Elgood, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tí ó ṣì ń jẹ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì, ni ó ṣàlàyé ẹyẹ náà fún ayé ní ọdún 1958. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ni Malimbus ibadanensis, èyí tí í ṣe ti Ìbàdàn. Ní gbogbo ilé ayé, ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ni a ti ń rí i. Igbó kéékèèké tí ó ṣẹ́ kù láàrin oko ni ó ń gbé. Ọ̀kan nínú ibi tí ó ṣì wà ni igbó tí ó wà nínú ọgbà IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967 ní ọ̀nà Mọ́níyà. Ilẹ̀ oko ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. A fi í sílẹ̀, ó padà di igbó, ẹyẹ sì padà sí i. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

ÀWỌN TÍ Ó Ń PỌ̀

Kì í ṣe gbogbo ẹyẹ ni ó ń dínkù. Ẹ lọ sí àkìtàn ńlá tí ó wà ní Awótán ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ óò rí lékeléke. Nígbà tí a wà ní ọmọdé, ìdí màlúù ni a mọ̀ ọ́n mọ́, a sì ń kọrin sí i pé kí ó fún wa ní èékánná funfun. Nígbà tí òjò bá ń parí ni ó máa ń dé ọ̀dọ̀ wa; bí òjò bá sì ti fìdí múlẹ̀, yóò gba òkè Ọya lọ. Lékeléke yìí ti kọjá òkun láti ilẹ̀ Áfíríkà dé gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì ti dé orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní ọdún 1941. Kannakánná náà ń gbèrú láàrin ìlú. Àdàbà àti ẹ̀gà kò sá fún ènìyàn.

Kí ni ìyàtọ̀? Ẹyẹ tí ó lè jẹ ohun gbogbo, tí ó lè sùn níbi gbogbo, ń pọ̀. Ẹyẹ tí ó ní irú igi kan, irú oúnjẹ kan àti irú igbó kan tí ó fẹ́, ń lọ. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ẹyẹ ṣì pọ̀ ní oko òun, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé irú ẹyẹ mélòó. Bí owó ẹgbẹ́ bá pé 100,000 náírà, tí ó jẹ́ ti ènìyàn méjì péré, ṣé a lè sọ pé ẹgbẹ́ náà lágbára?

OHUN TÍ Ó FÀ Á

Ohun mẹ́ta ni a rí. Èkínní ni igi àti ilẹ̀ tí ń sinmi. Àwọn baba wa ń gbin kòkó sábẹ́ igi ńlá, wọ́n sì ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó di oko padà. Ẹyẹ igbó ń gbé inú kòkó náà, àparò àti ẹtù ń gbé inú ilẹ̀ tí ń sinmi. Lónìí ilẹ̀ kò sinmi mọ́, nítorí ilẹ̀ kò tó mọ́. Etí odò Ọ̀nà pàápàá, a ti fá a kanlẹ̀. Ẹ rántí 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí omíyalé wó afárá Apẹ̀tẹ̀ yìí, tí a há sí òdìkejì. A kò sọ pé igi nìkan ni ìbá dá omi náà dúró. Ṣùgbọ́n igi etí odò tí ń gba ẹyẹ sílé ni ó ń di ilẹ̀ etí odò mú pẹ̀lú.

Èkejì ni oògùn. Láti ìgbà ayé àwọn baba wa ni a ti ń fín kòkó ní Gammalin 20. Ó pa kòkòrò, ó sì pa ẹja pẹ̀lú, títí dé ibi pé àwọn kan ń dà á sínú odò láti fi pẹja. Ní ọdún 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè fi ògidì oògùn tí ó wà nínú rẹ̀ sí ara àwọn tí ó yẹ kí ó kúrò lórí oko ní gbogbo ayé. DDT ti ṣáájú rẹ̀. Ìyáàfin Rachel Carson ti kọ ìwé ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1962 láti kìlọ̀ pé ẹyẹ ń kú nítorí rẹ̀. Ọdún 1972 ni Amẹ́ríkà fòfin dè é. Ọdún 10 ni ó wà láàrin ìkìlọ̀ àti òfin. Nílé wa níbí, NAFDAC fòfin de oògùn apakoríko paraquat láti 1 oṣù Kìíní ọdún 2024, ó sì fòfin de atrazine láti 1 oṣù Kìíní ọdún 2025. Akápò tí ó bá ṣì ń ra wọ́n fún ẹgbẹ́, kí ó mọ̀ pé owó ẹgbẹ́ ni ó fi ń ra ohun tí òfin kọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìbẹ̀rù. A ń pa òwìwí nítorí pé wọ́n ní ẹyẹ àjẹ́ ni. Ẹ lọ wo ìsàlẹ̀ igi tàbí àjà ilé àtijọ́ tí òwìwí ń sùn sí. Ẹ óò rí egungun àti irun èkúté tí ó pọ̀ jáde lẹ́nu ní ìdì-ìdì. Rìsíìtì òwìwí nìyẹn. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ń tọ́jú rìsíìtì bẹ́ẹ̀. Èkúté tí ó pa ní oru ni kò jẹ àgbàdo yín nínú àká mọ́, síbẹ̀ òkò ni a fi ń san án.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI ILẸ̀ ÒKÈÈRÈ

Ní ọdún 1958, ìjọba Mao Zedong ní ilẹ̀ Ṣáínà pàṣẹ pé kí gbogbo ará ìlú pa ológoṣẹ́ run, nítorí pé ó ń jẹ ọkà. Tọmọdé tàgbà jáde, wọ́n ń lu ìlù, wọ́n ń lu páànù, kí ẹyẹ má baà rí ibi bà sí, títí wọn yóò fi rẹ̀ já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ẹyẹ kú lọ́pọ̀lọpọ̀. Kí ni ó tẹ̀ lé e? Eṣú àti kòkòrò tí ológoṣẹ́ ti ń jẹ kò rí ẹni mú wọn mọ́. Ní ọdún 1960 ni ìjọba fúnra rẹ̀ yọ ológoṣẹ́ kúrò nínú àwọn ọ̀tá. Ìyàn tí ó jà ní Ṣáínà ní àkókò náà pa ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn. Ó ní ìdí púpọ̀, ṣùgbọ́n pípa ẹyẹ wà lára rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Íńdíà, ó lé ní 95 nínú 100 irú igún mẹ́ta kan tí ó kú láàrin ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1990. Oògùn ìrora tí wọ́n ń fún màlúù ni ó pa wọ́n nígbà tí wọ́n bá jẹ òkú màlúù náà. Ajá ìgboro wá pọ̀ sí i nídìí òkú ẹran, ewu dìgbòlugi sì pọ̀ sí i. Ọdún 2006 ni ìjọba Íńdíà fòfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn.

Àwọn tí ó ní ìwé, tí wọ́n ń ka ẹyẹ lọ́dọọdún, mọ ohun tí wọ́n pàdánù. Ní Bìrìtìkó, iye ẹyẹ oko ti fi ju ìdajì lọ dínkù láti ọdún 1970. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ìṣirò tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé ẹyẹ ti dínkù ní nǹkan bí bílíọ̀nù 3 láti ọdún 1970 kan náà. Àwa ńkọ́? Ojú ni a fi ń wò, ẹnu ni a fi ń sọ. Ẹni tí kò kọ ìwé kò lè mọ iye tí olè jí.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢE ÌṢIRÒ

A kò wá sọ fún yín pé ẹyẹ kì í ba oko jẹ́. Àparò ń hú àgbàdo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Ẹ̀gà ń já imọ̀ ọ̀pẹ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sì ń bó àgbàdo tútù lórí ìdúró. Àwòdì ń gbé òròmọdìẹ. Ìhà gbèsè nìyẹn, a sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n aláyẹ̀wò tí ó bá ka ìhà kan ṣoṣo nínú ìwé, kò yẹ ìwé wò. Ẹ̀gà tí ń jẹ hóró, bí ó bá bí ọmọ, kòkòrò ni ó ń wá fún ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òròmọ àparò. Lékeléke ń jẹ tata. Àwòdì ń jẹ èkúté. Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí, ní oko IITA ní Ìbàdàn àti ní Ìkẹ́nnẹ́, wà lára ibi tí a ti kọ́kọ́ rí kòkòrò armyworm ní ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí ó wá láti Amẹ́ríkà tí ó sì ń jẹ ọkàn àgbàdo. Láti ìgbà náà ni awin oògùn ti fò sókè nínú ìwé yín, tí àwọn tí kò lè san awin sì ń pọ̀ sí i. A kò sọ pé ẹyẹ nìkan lè borí kòkòrò náà. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó fín oògùn pa ẹyẹ, ó ti lé alágbàṣe tí kì í gba owó kúrò lóko, ó sì ti yá owó láti fi ṣe é.

OHUN TÍ A Ń BẸ YÍN KÍ Ẹ ṢE

Ohun mẹ́rin ni a gbé síwájú ìpàdé yìí, kí ẹ jíròrò rẹ̀, kí ẹ sì dìbò lé e lórí.

Èkínní: kí ẹgbẹ́ má ṣe fi owó awin ra oògùn tí òfin ti kọ̀. Èyí tí òfin gbà, kí ẹni tí yóò gbà á kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ bí a ti ń lò ó lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, kí ó sì buwọ́ lùwé pé òun kò ní fi rẹ irúgbìn láti pa ẹyẹ. Bí ó bá rú u, kí ó san gbogbo awin náà padà lójú ẹsẹ̀. Bí àparò bá ń yọ irúgbìn lẹ́nu, ẹ gbé ayọ́kẹ́lẹ́yẹ sí oko, ẹ fi ọmọdé ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ kí wọ́n tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ẹ sì bo irúgbìn jinlẹ̀. Ohun tí àwọn baba wa ṣe nìyẹn, kò sì gbé ọmọ ẹnikẹ́ni dé ilé ìwòsàn.

Èkejì: ẹni tí ó bá yá owó láti kọ́lé, kí ó fi ó kéré tán igi ńlá kan sílẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀ bí ó bá bá a níbẹ̀. Bí kò bá bá a, kí ó gbin ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta: kí ẹgbẹ́ tí ó bá ní ilẹ̀ létí odò Ọ̀nà fi etí odò náà sílẹ̀ láìro. Ẹ rántí igbó IITA: oko ni, a fi í sílẹ̀, ẹyẹ sì padà. Ilẹ̀ kì í di kùnrùngbùn. Bí ẹ bá dá tirẹ̀ padà fún un, yóò gbà á.

Ẹ̀kẹrin: kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan fún ẹyẹ. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní òwúrọ̀ kan náà, ní ọ̀nà oko kan náà, kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì rìn, kí wọ́n kọ irú ẹyẹ tí wọ́n rí àti iye rẹ̀. Láti ọdún 2015 ni iṣẹ́ kan ti ń lọ ní Nàìjíríà láti ya àwòrán ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà, àwọn ará ìlú lásán ni ó sì ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka owó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ láìṣì kọ́bọ̀, ẹ kò ní kùnà nínú kíka ẹyẹ. Bí a bá dé láti yẹ ìwé wò, àwa yóò béèrè ìwé yìí pẹ̀lú, a óò sì sàmì sí i.

Ẹ̀yin ará, Ẹlẹ́yẹlé ni orúkọ ibi tí adágún omi ńlá wa wà, èyí tí a ti ṣe láti ọdún 1942. Ẹni tí ó ní ẹyẹlé ni wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ. Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kí ó bá onílé mu, kí ó wá sá lọ́jọ́ ìṣòro. Ìlànà àjọṣe tiwa gan-an nìyẹn. Àwọn ẹyẹ ti bá àwọn baba wa jẹ lóko fún ọ̀pọ̀ ìran. Àwa ni ìṣòro dé bá wọn lọ́wọ́ wa. Ẹ má jẹ́ kí a jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sá.

Bàbá àwọn ọmọ méjì tí a sọ ìtàn wọn lẹ́ẹ̀kan ti san awin rẹ̀ tán. Nígbà tí ó mú pásíbúùkù rẹ̀ wá fún wa ní ọjọ́ tí ó parí rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi sọ fún àwọn yòókù." A ti sọ ọ́ o.